Ọmọ iléèwé ni àbí òṣìṣẹ́ àjẹ́ǹsì? Bí ẹ ṣe máa yan ẹni tó máa bá yín ṣiṣẹ́ ọdún

Bí oṣù Kẹwàá bá ti ń lọ sópin, àwọn tó ń tajà ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe sùpamákẹ́ẹ̀tì ní Bódìjà, ìbáà ṣe sọ́ọ̀bù onípáálí ní Dùgbẹ̀, ti mọ̀ pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ní ká iṣẹ́ oṣù Kejìlá. Hámpà, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ọdún, máa wà láti dì, páálí máa wà láti já, kọ́sítọ́mà á sì tò dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèyàn tó máa fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń yá: ká gba ọmọ iléèwé tó wà ní ìsinmi, tàbí ká ní kí àjẹ́ǹsì, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń báni wá òṣìṣẹ́, fi èèyàn ránṣẹ́.

Èwo ló wọ́n jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé: bí ẹnì kan ò bá wá sẹ́nu iṣẹ́ ní December 20, ta ló máa wá arọ́pò ẹ̀? Ṣé ẹ̀yin ni àbí ẹlòmíì? Ohun tí owó àjẹ́ǹsì ń rà gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ní èèyàn tí ẹ lè pè lórí fóònù kó sì dé láàárín wákàtí méjì, ẹ ò nílò àjẹ́ǹsì. Bí ẹ ò bá ní, ọmọ iléèwé tí owó ẹ̀ kéré lè wá di ọ̀wọ́n sí yín lọ́rùn.

1. Ẹ ka iṣẹ́ kí ẹ tó ka èèyàn

Ẹ má tíì sọ pé èèyàn mẹ́fà lẹ fẹ́ gbà. Ká ní hámpà 600 ló wà láti dì. Ẹ mú òṣìṣẹ́ kan lára àwọn tó wà lọ́wọ́ yín, kó fi wákàtí kan dì í lójú yín: kó ṣa ọjà, kó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, kó fi ọ̀rá wé e, kó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ká ní mẹ́rin ló rí dì. Hámpà 600 máa gba wákàtí 150 nìyẹn. Ẹni tó bá wà níbi iṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, bóyá ló máa fi ju méje ṣiṣẹ́ gidi, torí náà iṣẹ́ ọjọ́ 22 ni fún ẹnì kan. Èèyàn méjì á parí ẹ̀ láàárín ọjọ́ 11. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń pariwo èèyàn mẹ́fà, méjì ló nílò níbi hámpà, ẹnì kan níbi páálí, kó sì kú ẹnì kan tó máa wá ní ìrọ̀lẹ́ Friday àti Saturday nìkan.

Bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, aago mélòó sí aago mélòó, ṣé owó wà níbẹ̀, ṣé ẹrù wíwúwo wà níbẹ̀. Ìwé kékeré yẹn lẹ máa fi yanjú gbogbo ohun tó kù.

2. Kàlẹ́ńdà iléèwé ni kí ẹ wò

Àwọn èèyàn gbà pé bí oṣù Kejìlá bá ti dé, gbogbo ọmọ iléèwé ti wà nílé. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní February 14, October 14 ni wọ́n tó dá a dúró, odindi oṣù mẹ́jọ. Irú ẹ̀ máa ń da ìdánwò rú, ó sì máa ń ti sẹ́mẹ́sítà síwájú, débi pé ọmọ lè máa kọ ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ti kọ orúkọ ẹ̀ sára àwọn tó máa wá. Yunifásítì Ìbàdàn (UI), Poli Ìbàdàn àti yunifásítì Lead City ò sì fi dandan gba ìsinmi lọ́jọ́ kan náà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: kí ẹ tó fún ọmọ níṣẹ́, ẹ béèrè ọjọ́ tó máa kọ ìdánwò tó kẹ́yìn, ọjọ́ tí iléèwé máa wọlé padà, àti ibi tí àwọn òbí ẹ̀ ń gbé.

Ìkẹta yẹn ni wọn kì í sábà béèrè. Ẹni tó ń tajà ní Agbowó tàbí Sango, nítòsí UI àti Poli, máa ń rò pé ọmọ iléèwé ò lè wọ́n òun láé. Òótọ́ ni, bí iléèwé bá ń lọ lọ́wọ́. Bí ìsinmi Kérésì bá dé, ọmọ tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì á palẹ̀ ẹrù mọ́, á wọ mọ́tò lọ bá àwọn òbí ẹ̀ ní Èkó, ní Òṣogbo, ní Àkúrẹ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ẹ nílò ẹ̀ jù lọ ló máa lọ. Ẹni tó yẹ kí ẹ wá ni ọmọ tí ilé wọn wà n'Íbàdàn àmọ́ tó ń kàwé níbòmíì. Ó wà ní yunifásítì Ifẹ̀, ní FUNAAB l'Ábẹ́òkúta, ní Ìlọrin, ó sì ń bọ̀ wálé wá ṣọdún. Ilé òbí ẹ̀ ni á ti máa wá, owó ọkọ̀ ẹ̀ ò ní pọ̀, màmá ẹ̀ sì lè jẹ́ kọ́sítọ́mà yín. Ẹ ò lè rí irú wọn lẹ́nu ọ̀nà UI. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ìpàdé lándílọ́ọ̀dù àti gúrúùpù WhatsApp àdúgbò ni kí ẹ sọ ọ́ sí, kí ẹ sì ti sọ ọ́ kí oṣù Kẹwàá tó parí.

Ẹ má da ọmọ IT, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tí iléèwé ní kó lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, pọ̀ mọ́ wọn. Ètò SIWES tí wọ́n ń bá wá, èyí tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, wà kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ tó ń kà nípa ẹ̀. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ máa bá a fọwọ́ sí, olùkọ́ ẹ̀ sì lè yọjú láti wá wo ohun tó ń ṣe. Ọmọ tó ń ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí ẹ wá ní kó máa ru páálí mílíìkì fún oṣù mẹ́fà, ẹ jà á lólè ni.

Àwọn kan wà tí èmi fẹ́ràn ju akẹ́kọ̀ọ́ gan-an lọ: àwọn tó ti jáde, tí wọ́n ń retí kí NYSC, ètò àgùnbánirọ̀, pè wọ́n. Wọ́n ti gbọ́njú díẹ̀, kò sí ìdánwò kankan lọ́rùn wọn, wọ́n sì fẹ́ owó tí wọ́n máa fi ra nǹkan kámpù. Ewu ibẹ̀ ni pé ìwé ìpè lè jáde nígbàkigbà, kò sì sí ẹni tí ẹ lè bẹ̀ kó bá yín sún un síwájú. Ẹ bi wọ́n ní báàṣì tí wọ́n wà, kí ẹ gbé e sọ́kàn.

3. Bí ẹ ṣe máa yẹ àjẹ́ǹsì wò

Àjẹ́ǹsì gidi máa ń forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sì lè wá orúkọ náà lórí ìkànnì CAC. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, torí pé Labour Act, òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn máa kó èèyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín, kí ẹ wo ọjọ́ tí agbára ẹ̀ máa parí. Ẹ tún béèrè ẹ̀rí pé wọ́n ń san owó NSITF, àjọ ìbánigbófò òṣìṣẹ́, lórí àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ni, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá já bọ́ látorí àkàbà nínú sítọ́ọ̀ yín tí owó yẹn ò sí níbì kankan, ẹ̀yin ni ẹbí ẹ̀ máa wá bá.

Ẹ wá bi ọ̀gá wọn pé: nínú owó tí mo bá san lórí ẹnì kan, èló ló ń dé ọwọ́ ẹ̀? Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po, ẹ dìde níbẹ̀. Àjẹ́ǹsì lè gba ₦90,000 lọ́wọ́ yín kó fún òṣìṣẹ́ ní ₦50,000. Ebi á máa pa ọmọ ọlọ́mọ níwájú ọjà tó tó mílíọ̀nù, ọ̀dọ̀ yín ni ìbínú ẹ̀ á sì wà, torí ẹ̀yin ló ń rí lójoojúmọ́. Èyí tó bá ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́, ẹ má bá a dòwò rárá. Fọ́ọ̀mù ló ń tà.

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí àwọn èèyàn náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àjẹ́ǹsì kan máa ń fi ọlọ́pọlọ pípé hàn yín lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹlòmíì ló máa wá jí dé lọ́jọ́ iṣẹ́.

4. Ẹ ṣírò owó náà dé ìsàlẹ̀

Owó tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi iye àdúgbò yín rọ́pò ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọjọ́ 24 ni.

Ọmọ iléèwé: ₦3,500 lójúmọ́ jẹ́ ₦84,000. Oúnjẹ àti ọkọ̀, ₦1,000 lójúmọ́, jẹ́ ₦24,000. Ọjọ́ méjì tí ẹ máa fi kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó wúlò, ẹ máa san owó ẹ̀ pẹ̀lú, ₦9,000. Gbogbo ẹ̀ ₦117,000.

Òṣìṣẹ́ àjẹ́ǹsì: owó òṣìṣẹ́ ₦90,000. Owó àjẹ́ǹsì, ká ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ₦18,000. VAT, owó orí ọjà àti iṣẹ́, wà lórí ẹ̀, 7.5%. Ibí ni kí ẹ ti la ojú yín. Bó bá jẹ́ orí ₦18,000 nìkan ni wọ́n ti ṣírò VAT, ₦1,350 ni, àpapọ̀ á sì jẹ́ ₦109,350. Bó bá jẹ́ orí gbogbo ₦108,000 ni, VAT á di ₦8,100, àpapọ̀ á di ₦116,100. Ìyàtọ̀ ₦6,750 lórí ẹnì kan. Fún èèyàn mẹ́fà, ₦40,500. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ má dúró dìgbà tí ínfọ́ìsì bá dé.

Ẹ rí i pé àlàfo tí àwọn èèyàn rò pé ó wà láàárín méjèèjì kò tó nǹkan. Ohun tó máa ń jẹ́ kí ọmọ iléèwé dín owó lóòótọ́ ni iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ Friday àti Saturday lẹ ń fẹ́ èèyàn, ọmọ iléèwé á gba owó ọjọ́ tó wá, á sì máa lọ. Àjẹ́ǹsì lè má gbà láti fi ẹnì kan sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, bó bá sì gbà, owó oṣù kan ló ṣì lè gbà lọ́wọ́ yín.

Ó kéré tán ₦70,000 ni òfin sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa gbà lóṣù láti ọdún 2024. Òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ wọn ò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́ sílẹ̀. Sọ́ọ̀bù kékeré lè fara pamọ́ sábẹ́ ìyẹn, àmọ́ àjẹ́ǹsì tó kó òṣìṣẹ́ 200 jọ ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún yín ní oṣù Kejìlá, tó sì gba ohun tó kéré sí iye yẹn, kò ní pẹ́ sá lọ.

5. Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá dúró sójú kan, tí kò kọjá ìgbà tí iléèwé máa wọlé, tí èèyàn tí ẹ fẹ́ kò sì ju mẹ́rin lọ, ẹ gba ọmọ iléèwé, kí ẹ sì fi ẹnì kan kún iye tí ẹ ṣírò. Ìyẹn ni àrọ́pò yín. Ẹ máa pè é lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ gan-an kó má bàa gbàgbé yín.

Bí iṣẹ́ bá máa wọ February, tàbí tí ẹ fẹ́ èèyàn mẹ́wàá lọ́jọ́ kan náà, tàbí tí ẹrù gbígbé ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ àjẹ́ǹsì.

Bí kò bá sí ẹni tó máa dúró ti àwọn ọmọ náà, ẹ má gbà wọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí kò ṣiṣẹ́ rí kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ohun tó kàn fún un, á jókòó sídìí fóònù. Òṣìṣẹ́ àjẹ́ǹsì tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí á mọ̀ pé bí páálí bá tán, ilẹ̀ ló kàn láti gbá. Ẹ wo ọjọ́ orí náà pẹ̀lú: òfin ò fẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún máa ṣiṣẹ́ òru, àwọn ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì sì lè wà ní mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún.

Ẹ lè da méjèèjì pọ̀, àmọ́ ẹ má fi wọ́n sídìí iṣẹ́ kan náà. Wọ́n á bi ara wọn ní iye tí wọ́n ń gbà kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ẹni tí tiẹ̀ kéré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ fi ti àjẹ́ǹsì sí sítọ́ọ̀ àti ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù, kí ti iléèwé wà níbi hámpà àti láàárín ọjà níbi tí kọ́sítọ́mà ti ń béèrè nǹkan. Ní ti owó, àwọn tó ti wà pẹ̀lú yín tẹ́lẹ̀ ni kó jókòó tì í, kí àlejò bá wọn kó ọjà sí ọ̀rá. Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni.

6. Ẹ kọ ọ́ síwèé

Fún ọmọ iléèwé, ojú ìwé kan tó. Ẹ kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, owó ojúmọ́, aago iṣẹ́, àti Saturday tí ẹ máa ń sanwó. Ẹ ní kó mú onídùúró kan wá, kí ẹ sì lọ mọ ilé onídùúró náà. Ẹ fi owó àjẹmọ́nú kan sí i tó jẹ́ pé ẹni tó bá bá yín dé ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan ló máa gbà á. Ó ń ṣiṣẹ́ ju ìhàlẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àfikún o, ẹ má dá owó tó ti ṣiṣẹ́ fún dúró. Labour Act ní kí ẹni tó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje. Ẹ ti pín in kalẹ̀ kí èrò tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹnì kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ni òfin béèrè, ọjọ́ kan náà lòun náà máa fún yín bó bá fẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú: kí owó dín, kí ọ̀gá sì pín in sórí gbogbo ọmọ tó wà níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Òfin ò gbà á. Kódà bó bá dá yín lójú pé ẹnì kan pàtó ló mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù náà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kó jẹ́ àṣẹ àkọsílẹ̀, kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ nínú owó ẹ̀.

Fún àjẹ́ǹsì, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò sọ iye wákàtí tí wọ́n máa fi gbé arọ́pò dé. “Ní kíákíá” kì í ṣe àdéhùn. Wákàtí 24 ni kí ẹ ní kí wọ́n kọ. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ nípa December 25 àti 26 àti January 1, ṣé owó ọjọ́ náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ta ló sì ń san án. Ẹ wo ẹni tó máa dá owó padà bí ọjà bá sọnù. Kí ẹ sì wo iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín bí ẹ bá fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn tí ẹ sì fẹ́ gbà á síṣẹ́ tààrà sọ́dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló fi èyí pamọ́ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn.

7. Ọjọ́ àkọ́kọ́

Kó má jẹ́ ọjọ́ tí èrò pọ̀. Tuesday dáa. Ẹ mú wọn yí ọjà ká, kí ẹ wá kọ́ wọn ní nǹkan kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ: álààtì èké. Kọ́sítọ́mà á na fóònù, á ní òun ti ṣe tiransifáà ₦38,500, álààtì á máa tàn lójú fóònù ẹ̀, á tún máa kánjú torí mọ́tò ń dúró dè é. Fóònù kọ́sítọ́mà kì í ṣe ẹ̀rí. Fóònù sọ́ọ̀bù tàbí ẹ̀rọ POS yín ló gbọ́dọ̀ dún. Ẹ ṣe é bí eré: kí ẹnì kan lára yín ṣe kọ́sítọ́mà, kó bínú, kó pariwo, kó ní òun mọ ọ̀gá. Ọmọ tuntun tó bá lè sọ pé “ẹ má bínú mà, ẹ jẹ́ kó wọlé ná” láìgbọ̀n, ẹ lè fi sí ẹnu ọ̀nà. Èyí tó bá tẹ̀ lé kọ́sítọ́mà, tó gbé ọ̀rá fún un, ó ṣì lè dì hámpà.

8. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn

Ẹ san owó wọn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ní kí wọ́n pa dà wá gbà á. Ẹ fún àwọn tó ṣe dáadáa ní lẹ́tà kúkurú tó sọ ohun tí wọ́n ṣe àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ọmọ tó fẹ́ wáṣẹ́ máa lò ó. Fún àjẹ́ǹsì, ẹ fọwọ́ sí ìwé iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá kí wọ́n tó kọ ínfọ́ìsì, kí ẹ wá fi ínfọ́ìsì náà wé e.

Kí ẹ tó pa ìwé iṣẹ́ yín dé, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn tí ẹ fẹ́ pè padà sílẹ̀, iléèwé tí wọ́n wà, àti kíláàsì tí wọ́n wà. Iṣẹ́ Iléyá lè jẹ́ tiwọn. Èyí tó bá ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní iléèwé, ẹ má kà á mọ́ wọn. Tí ẹ bá tún máa pè é, ó ti lè wà ní kámpù.